ÈÉMÍ ÀBÀTÀ: Ohun tí Ń Rú Jáde Láti Inú Ẹrẹ̀ àti Ohun tí Ẹrẹ̀ Pa Mọ́

Ó ṣòro láti rí ẹni tí ó dàgbà sí Ìwó tàbí sí àwọn abúlé tí ó yí i ká tí kò tíì ti ọ̀pá bọ àbàtà rí. Bí ọmọdé bá lọ pọnmi, tàbí tí ó lọ wá àkèré, tí ó sì ti ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀ dúdú, nǹkan kan a máa rú jáde. Omi a hó bí ẹni pé ìkòkò kan wà lórí iná nísàlẹ̀, òórùn tí kò dára a sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà a rẹ́rìn-ín, a tún ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ohun tí ń rú jáde yẹn ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń náwó nára, wọ́n sì ń wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, kí wọ́n lè mọ iye rẹ̀.

Eré ọmọdé yìí gan-an ni àgbàlagbà kan fi di olókìkí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1776, ará Ítálì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alessandro Volta wà létí adágún Maggiore. Ó fi ọ̀pá ro ẹrẹ̀ etí omi, ó da ojú ìgò kodò láti gba ohun tí ń rú sókè, ó sì fi iná sí i. Afẹ́fẹ́ náà gbiná, ó sì jó. Afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní mẹ́téènì lónìí. Volta yìí kan náà ni ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ọdún 1800, láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ọ̀rọ̀ volt tí ń bẹ lára gbogbo ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Níbo ni mẹ́téènì ti ń wá? Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ewé tí ó bá já sílẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà tán. Ikán ń jẹ ẹ́, ekòló ń jẹ ẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sì jẹ èyí tí ó kù, nítorí pé ọ́síjìn, èyíinì ni apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé ẹ̀mí ènìyàn ró, wà níbẹ̀ fún wọn. Èyí tí wọ́n bá jẹ a padà sínú òfuurufú ní ìrísí kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ kan náà tí ènìyàn ń mí síta. Kábọ́ọ̀nù ni èròjà tí ó pọ̀ jù nínú èédú. Ó wà nínú ewé, ó wà nínú iṣu, ó wà nínú igi, ó sì wà nínú ẹran ara.

Ṣùgbọ́n nínú àbàtà, omi ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ́síjìn kò sì tó nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ó lè gbé láìsí ọ́síjìn ni wọ́n gba ibẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ń fà bí ìrìn ìgbín. Ohun méjì ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn kòkòrò náà ń tú mẹ́téènì sílẹ̀. Èyí ni ọwọ́ kan. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ewé àti gbòǹgbò kì í jẹrà tán: wọ́n ń kó jọ lọ́dọọdún, wọ́n ń di ẹrẹ̀ dúdú tí ó rọ̀, kábọ́ọ̀nù inú wọn a sì wà nípamọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àbàtà ń kó pamọ́, àbàtà sì ń fọ́n ká. Láti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, pàápàá nígbà tí mẹ́téènì náà kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Òmíràn ń hó jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í rí i. Òmíràn ń rọra yọ́ gòkè gba inú omi, àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé níbi tí ọ́síjìn wà a sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé òkè. Òmíràn ń gba inú esùsú àti inú ìrẹsì, nítorí pé àwọn ewéko wọ̀nyí ní ihò nínú bí ìfun, èyí tí wọ́n fi ń gbé ọ́síjìn lọ sí gbòǹgbò. Ọ̀nà tí ọ́síjìn gbà wọlé ni mẹ́téènì ń gbà jáde.

Kí ni ó kan ará abúlé nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí ó bá ti sùn ní òru ọyẹ́ mọ iṣẹ́ aṣọ ìbora. Aṣọ kì í dá iná. Ooru ara ẹni ni ó ń dá padà. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n jẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ayé. Ooru tí ilẹ̀ rí gbà lára oòrùn ní ọ̀sán ni wọn kì í jẹ́ kí ó sá lọ tán. John Tyndall fi ẹ̀rọ dán èyí wò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1859, kò sì sí iyàn jíjà lórí rẹ̀ mọ́. Láìsí aṣọ yìí, òtútù ìbá pa gbogbo ohun alààyè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aṣọ náà ń nípọn sí i. Nígbà tí Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, nǹkan bí 315 ni ó bá nínú ìwọ̀n mílíọ̀nù kan; ní ọdún 2024 ó ti ju 420 lọ. Mẹ́téènì kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kò tó 2 nínú mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Agbára rẹ̀ sì pọ̀: bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ wé tọ́ọ̀nù kan kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ooru tí ó ń dá dúró tó ìlọ́po 28. Ohun rere kan ṣoṣo tí ó wà lára rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ nínú òfuurufú: láàárín nǹkan bí ọdún 12, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti pòórá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru àbàtà. Àbàtà ti ń mí kí ènìyàn tó dáyé. Epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti ń sun fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lọ ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù wá nínú àfikún náà. Ṣùgbọ́n bí ayé bá ṣe ń gbóná sí i ni àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ ń yára ṣiṣẹ́ sí i, àwọn àbàtà ilẹ̀ olóoru sì ni ó ń tú mẹ́téènì sílẹ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ iye tí ń jáde nínú wọn kò lè ṣírò ọjọ́ ọ̀la òjò àti ọ̀dá fún àgbẹ̀ kankan. Ibi tí ó burú sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kalẹ̀ wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti Àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo àbàtà mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dún. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní àbàtà púpọ̀. Síbẹ̀ wọn kò tíì wọ̀n ọ́n púpọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn èémí àbàtà kò ṣòro láti lóye. Olùwádìí a ri òrùka irin tàbí ti ike mọ́ inú ẹrẹ̀, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ilẹ̀ tí ó dà rú lè fara balẹ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá pé, a gbé àpótí tí kò ní ìdí dé e lórí, bí ẹni fi agbọ̀n bo òròmọdìyẹ. Láti ihò kékeré tí wọ́n fi rọ́bà dí lókè àpótí náà ni yóò ti máa fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀: ní kété tí ó bá dé e, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn 20, àti lẹ́yìn 30. A rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, a sì kọ wákàtí, ooru ẹrẹ̀ àti gíga omi sílẹ̀. Nílé ìwádìí, ẹ̀rọ kan yóò ya àwọn afẹ́fẹ́ inú ìgò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́téènì ìgò kẹrin bá ju ti èkíní lọ, àbàtà ń tú u sílẹ̀. Bí ó bá dín, ilẹ̀ ń fà á mu. Bí àpótí náà bá mọ́ gaara tí oòrùn sì ń wọ̀ ọ́, ewéko inú rẹ̀ yóò máa jẹ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi aṣọ dúdú bò ó, ewéko dẹ́kun oúnjẹ, mímí nìkan ni ó kù. Bí wọ́n bá yọ ti òkùnkùn kúrò nínú ti ìmọ́lẹ̀, wọn yóò mọ iye tí ewéko jẹ.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní láti ní sùúrù ju àgbẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ wúwo tẹ ẹrẹ̀ lẹ́bàá àpótí ti rú afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ yóò sì purọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ pákó bí afárá kọjá lórí àbàtà. Etí àbàtà yàtọ̀ sí àárín rẹ̀, oṣù kejì yàtọ̀ sí oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán sì yàtọ̀ sí òru. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tí ó sì padà sílé dà bí ẹni tí ó dé ọjà ní ìdájí, tí ó wá ń sọ káàkiri pé ọjà náà kì í kún.

Ọ̀nà kejì ni òpó gíga. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kọ́ sórí rẹ̀ tí ó ń wọn bí atẹ́gùn ti ń gòkè àti bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú ohun tí atẹ́gùn náà gbé dání. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí O. O. Jegede wà lára wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì jọ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì wo bí ooru àti oru omi ti ń gòkè láti orí ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń yí padà sí òjò. NIMEX ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Benin, lágbègbè Djougou, òpó dúró ní Nalohou láàárín oko, òmíràn sì dúró ní Bellefoungou nínú igbó; Expédit Ago ti Yunifásítì Abomey-Calavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2014 àti lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ti Ifẹ̀ àti ti Djougou wà.

Ní ti àbàtà gan-an, Kóńgò ni ìyanu ti jáde. Láti ọdún 2012 ni Greta Dargie àti Simon Lewis láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Suspense Ifo ti Yunifásítì Marien Ngouabi ní Brazzaville, ti ń wọ igbó olómi tí ó wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Kóńgò, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì ń fọ̀nà hàn wọ́n. Irin gígùn ni wọ́n fi ń gún ẹrẹ̀, tí wọ́n sì ń fa ilẹ̀ dúdú jáde láti mọ bí ó ti jìn tó. Níbì kan ó jìn tó mítà 5.9. Nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní oṣù kìíní ọdún 2017, ó hàn pé ilẹ̀ dúdú náà gbòòrò tó kìlómítà 145,500 níbùú lóròó. Bí wọ́n bá kó gbogbo ilẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù ni ó wà nípamọ́ nínú rẹ̀, èyí tí ó tó ohun tí gbogbo ayé ń tú jáde nínú epo, gáàsì àti èédú fún ọdún mẹ́ta. Ó ti ń kó jọ láti nǹkan bí 10,600 ọdún sẹ́yìn. Títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ̀.

Ìwó, ìlú tí wọ́n ń fi odídẹrẹ́ kì, kò ní irú àbàtà ńlá bẹ́ẹ̀. Odò Ọbà ni ó ní, èyí tí ń ṣàn lọ pàdé Ọ̀ṣun (ìtàn orogún méjèèjì nílé Ṣàngó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni), ó sì ní àwọn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tútù láàárín òkè àti òkè, tí wọ́n ń pè ní àkùrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn fẹ́ràn láti máa pè é ní fàdámà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Haúsá. Nínú àkùrọ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ti ń jáde wá sí ọjà nígbà tí ilẹ̀ òkè ti sán. Ní Ìwó fúnra rẹ̀, adágún omi Aiba ti di ibi ìwádìí: ní ọdún 2008, O. E. Atobatele àti O. A. Ugwumba tẹ ìwé jáde lórí bí omi rẹ̀ ti ń yí padà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò. Mẹ́téènì kọ́ ni wọ́n wá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìyípadà omi láti oṣù dé oṣù ni ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ láti gbé àpótí dé e. Yunifásítì Bowen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, wà nínú ìlú náà. Ọ̀nà kò jìn láti yàrá ẹ̀kọ́ dé ẹrẹ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí àkùrọ̀ bá ń tú mẹ́téènì sílẹ̀, èé ṣe tí wọn kò fi gbẹ́ kòtò sí i kí omi rẹ̀ lè fà, tàbí kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí i kí wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó gba ìrònú jù, nítorí pé owó wà nídìí rẹ̀. Bí omi bá fà, mẹ́téènì yóò dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn yóò wọ inú ilẹ̀ dúdú, ohun tí ó wà nípamọ́ láti ayé àwọn baba ńlá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, yóò máa lọ sí òfuurufú ní kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò rì. Ní Holme Fen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ri òpó irin mọ́ àbàtà tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ gbẹ ní ọdún 1851, tí orí òpó náà sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Lónìí òpó náà yọ sókè tó mítà 4. Òpó kò hù. Ilẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Àkùrọ̀ a máa gba òjò ńlá sára, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé Omíyalé ti odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbàgbé ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó fà á pọ̀: òjò púpọ̀ ni, ìdọ̀tí nínú odò ni, ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi sì wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ẹnìkan fi owó lọ̀ fún àkùrọ̀ rẹ̀ lónìí kò jẹ̀bi bí ó bá ronú nípa owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Kí ó kàn mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún wà nínú ohun tí ó fẹ́ tà, àti pé omi tí ó ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá ibòmíràn lọ, bóyá sí ilé aládùúgbò rẹ̀.

Fún ẹni tí ń gbin ìrẹsì sínú àkùrọ̀, ọ̀nà kan wà tí ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé ní Fílípìnì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Dípò kí omi dúró lórí oko láti ìgbà tí wọ́n ti lọ́ ọ títí di ìkórè, wọn a jẹ́ kí ó fà, wọn a sì tún fi omi sí i. Páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ ojú ilẹ̀, àkókò tó láti fún oko lómi. Nígbà tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó, wọn kì í jẹ́ kí omi fà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti dán èyí wò, mẹ́téènì dín kù ní ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì, ìkórè kò sì dín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe da ajílẹ̀ òyìnbó lé e lórí láìníwọ̀n, nítorí pé afẹ́fẹ́ mìíràn, náítírọ́ọ̀sì ọ́sáìdì, lè gba ibẹ̀ yọ, ó sì lágbára ju mẹ́téènì lọ fíìfíì. Ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ tí wọ́n ń dà sínú odò ń ṣe irú ìpalára kan náà: oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni fún àwọn kòkòrò tí ń ṣe mẹ́téènì.

Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dé sí abúlé kan lẹ́bàá odò Ọbà lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú àpótí aláìnídìí àti ìgò kéékèèké nínú àpò rẹ̀. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti sọ́dọ̀ onílẹ̀ kí ó gba ìyọ̀ǹda, kí wọ́n sì sọ fún un pé àwọn yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ó bá rí, ní èdè Yorùbá, nínú abúlé yẹn kan náà. Kí àwọn àgbà náà má sì fi tiwọn pamọ́. Ọdún tí àkùrọ̀ gbẹ pátápátá, ibi tí ẹni tí ń gbẹ́ kànga ti bá ilẹ̀ dúdú tí kò tán bọ̀rọ̀, ibi tí esùsú ti ń hù tẹ́lẹ̀ tí kò hù mọ́: kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wọn ìwọ̀nyí fún un. Bí ó bá sì ti dé àpótí rẹ̀ lé ẹrẹ̀, tí ó ń ka ìṣẹ́jú, kí àwọn ọmọdé ko ọ̀pá wọn dání, kí wọ́n dúró lókè títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi pé.